Àpótí Irinṣẹ́ Bàbá Mi: Ogún Tí A Kì Í Gbé Sórí Òṣùwọ̀n

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ nǹkan sí i, mo rò pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ mi, nítorí níbẹ̀ ni mo ti lo ọdún 35 kí n tó fẹ̀yìntì ní ọdún 2018. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí ó kan ọ̀pọ̀ ilé nínú wa ju ìyẹn lọ. Púpọ̀ nínú àwọn bàbá wa tí wọ́n kọ́kọ́ wá sí ìlú yìí kì í ṣe akọ̀wé. Káfíńtà ni wọ́n, bíríkìlà, télọ̀, àgbẹ̀dẹ àti mẹkáníìkì. Nígbà tí wọ́n lọ, àwọn kan fi ilé sílẹ̀ fún ọmọ, àwọn mìíràn kò ní ilé tí wọn yóò fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni wọ́n fi irinṣẹ́ sílẹ̀. A mọ bí a ti ń pín ilé. Ohun tí ó yẹ kí a fi irinṣẹ́ ṣe ni ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n títí ó fi ku díẹ̀ kí n ṣe àṣìṣe.

BÍ Ó ṢE KU DÍẸ̀ KÍ N TÀ Á

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìntì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ yàrá ìkẹ́rùsí wa mọ́. Àpótí bàbá mi wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ páànù àlòkù àti àpò sìmẹ́ńtì tí ó ti gan. Ọdún 2003 ni bàbá mi kú, ẹnikẹ́ni kò sì ṣí àpótí náà láti ìgbà náà. Ikán ti jẹ ìdí rẹ̀ ní igun kan. Mo pe àbúrò mi tí ó wà ní Èkó lórí fóònù, ó ní kí n tà á, pé kí ni a fẹ́ fi ìdọ̀tí ṣe. Mo ránṣẹ́ pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin tí ń ti ọmọlanke kiri ra irin àlòkù. Ó kó ohun gbogbo jáde, ó gbé wọn sórí òṣùwọ̀n, ó sì ní òun yóò san ₦1,800.

Owó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́ nígbà tí ojú mi bá lẹ́tà mẹ́ta lára ìfági tí ó tóbi jù: P.W.D. Ẹ̀yin àgbà mọ ohun tí lẹ́tà wọ̀nyí túmọ̀ sí. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń ṣe ọ̀nà àti ilé láyé òyìnbó ni. Ara mi bù máṣọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, iṣẹ́ mi ni láti máa yẹ ìwé àwọn ilé ìkẹ́rùsí ìjọba wò, láti mọ ohun tí ó sọnù àti ẹni tí ó mú un. Ṣé bàbá mi tí ó ń nà wá bí a bá mú kọ́bọ̀ tí kì í ṣe tiwa ni ó mú ohun ìjọba lọ sílé? Mo ní kí ọmọkùnrin náà máa lọ. Mo tẹ àgbà ọmọṣẹ́ bàbá mi láago.

BÍ A TI Ń KA IRINṢẸ́

Ọmọ Sókótó pọ́ńbélé ni ẹ̀gbọ́n tí mo ń wí yìí. Ọmọ Hausa ni, ọmọ ọdún 14 ni nígbà tí bàbá rẹ̀ fi í sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá mi ní ọdún 1967. Títí di òní, bí ó bá ń sọ Yorùbá, bí ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó ń sọ ọ́. Ó dé ní ọjọ́ kejì, ó tẹ́ ẹní, ó to irinṣẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bi í léèrè nípa lẹ́tà mẹ́ta náà. Ó ní, "Àbúrò, jókòó ná. Jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀." Ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ náà ni mo fẹ́ pín fún yín, nítorí irú àpótí yìí wà nínú ilé yín.

Ohun àkọ́kọ́ ni orúkọ ẹni tí ó rọ irin náà. Lára ìfági gígùn náà, tí ó gùn tó íǹṣì 14, ni wọ́n tẹ orúkọ Record àti nọ́ńbà 05 sí. Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ọdún 1931. Àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń ṣe irú ìfági onírin bẹ́ẹ̀, lábẹ́ orúkọ Stanley, nọ́ńbà 5 ni wọ́n sì ń pe tiwọn. Àwọn ti Record fi òdo ṣáájú nọ́ńbà náà. Lára ṣísù méjì ni a rí orúkọ Marples, ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Sheffield ní ọdún 1828. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ "cast steel" lára ṣísù tàbí ayùn àtijọ́, ohun tí ó ń sọ ni pé irin tí wọ́n yọ́ nínú ìkòkò amọ̀ ni. Benjamin Huntsman ni ó mú ọgbọ́n náà jáde ní àgbègbè Sheffield ní àwọn ọdún 1740. Irú irin bẹ́ẹ̀ máa ń mú, kì í sì í tètè kú. Nítorí náà, ẹni tí ó ń wọ̀n ọ́n ní kílò kò mọ ohun tí ó gbé dání.

Ohun kejì ni àmì ẹni tí ó ni ín. Níbi tí káfíńtà mẹ́wàá bá ti jọ ń ṣiṣẹ́, irinṣẹ́ a máa dà pọ̀, olúkúlùkù á sì fi àmì sí tirẹ̀. Ilà kéékèèké mẹ́ta ni ti bàbá mi, lára gbogbo èèkù.

Ohun kẹta ni bí ó ṣe jẹ. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Irin inú ìfági náà gùn tó íǹṣì méje nígbà tí ó wà ní titun. Nísinsìnyí, kò ju íǹṣì márùn-ún lọ. Òkúta ìpọ́nrin ni ó jẹ ìyókù, díẹ̀díẹ̀, láràárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fi ìka wọn íǹṣì méjì tí kò sí mọ́, ó ní, "Owó ilé ẹ̀kọ́ yín nìyí." Èmi tí mo jáde ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria kò rí èsì fọ̀ sí i.

Ohun kẹrin ni àtúnṣe. Èèkù ìfági náà kì í ṣe èyí tí ó bá a wá láti Sheffield. Igi kirya ni bàbá mi fi gbẹ́ òmíràn, igi líle ilẹ̀ Hausa tí àwọn ènìyàn fi ń ṣe odó. Níhìn-ín ni mo ti mọ̀ pé Sókótó fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá fún káfíńtà tí ó bá ti ìsàlẹ̀ wá. Ní oṣù kẹta àti ìkẹrin ọdún, ooru ibí máa ń kọjá 40°C, bẹ́ẹ̀ ni ọyẹ́ á ti kọ́kọ́ fa omi inú ohun gbogbo gbẹ. Pákó tí wọ́n là ní Oǹdó tàbí ní Bìní ṣì ní omi nínú nígbà tí ó bá dé. Bí a bá kàn án lójú ẹsẹ̀, igi á súnkì, oríkèé á sì là. Igi kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrú, fífẹ̀ rẹ̀ ni ó máa ń dín kù. Nítorí náà, bàbá mi a máa to pákó sábẹ́ òjìji fún oṣù púpọ̀ kí ó tó fọwọ́ kàn án. Bí ó bá sì ń ṣe ilẹ̀kùn, kì í fi góòmù lẹ pákó àárín, kì í sì í kàn án níṣòó. Inú kòtò tí ó gbẹ́ sára férémù ni ó ń jókòó sí, kí ó lè rí àyè sún bí ojú ọjọ́ bá yí padà. Ìfági tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó fi ń gbẹ́ kòtò náà wà nínú àpótí. Bí ẹ bá rí ilẹ̀kùn àtijọ́ ní ìlú yìí tí kò là láti ogójì ọdún, ẹ wo àárín rẹ̀ dáadáa. Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ìdérí àpótí ni ó kẹ́yìn. Ojú ọ̀bẹ mẹ́sàn-án ni mo rí níbẹ̀, mo rò pé eré ọmọdé ni. Ẹ̀gbọ́n ní ọmọṣẹ́ tí ó gba fríìdọ̀mù lọ́dọ̀ Bàbá ni wọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbàdúrà fún ọmọṣẹ́, tí Bàbá sì fa ayùn kan, ìfági kan àti òòlù kan lé e lọ́wọ́, ni ó ń fi ọ̀bẹ sàmì rẹ̀. Ó gbé ìka lé ẹ̀kẹrin. "Èmi nìyí."

LẸ́TÀ MẸ́TA NÁÀ

Nígbà náà ni ó ní kí n mú pákó pẹlẹbẹ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ àpótí kúrò. Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti rí ìwé kan tí a fi ọ̀rá wé, tí ikán kò dé ibi tí ó wà. Rísíìtì ìjọba ni, ti ọdún 1961. Ìfági kan, nínú ẹrù àlòkù tí wọ́n tà ní gbàǹjo, ṣílè mẹ́jọ àti sísì. Náírà kò tíì dé nígbà náà. Ọdún 1973 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Ẹ̀gbọ́n ní gbogbo ọmọṣẹ́ ni Bàbá fi ìwé náà hàn, pé ẹni tí ó bá ń lo ohun tí orúkọ ìjọba wà lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè fi ìwé rẹ̀ hàn. Mo ti kọ àìmọye ìwé sí àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n tọ́jú rísíìtì. Bàbá mi, tí kò ka ju ìwé mẹ́rin lọ, tọ́jú tirẹ̀ fún ogójì ọdún ó lé. Ojú tì mí pé mo fura sí i.

Ìwé yẹn ló jẹ́ kí n to ìtàn rẹ̀ pọ̀. Ọdún 1953 ni ó wọkọ̀ ojú irin ní Ìlọrin, lẹ́yìn tí ó gba fríìdọ̀mù ní Ògbómọ̀ṣọ́. Irinṣẹ́ mẹ́ta péré tí ọ̀gá rẹ̀ fún un ni ó gbé dání: ayùn, òòlù àti ṣísù kan. Ojú irin kò dé Sókótó. Ẹ̀ka tí ó ti Zaria wá gba Gusau, ó sì dúró sí Kaura Namoda ní ọdún 1929. Gusau ni bàbá mi ti sọ̀kalẹ̀ gun lọ́rì wá síbí. P.W.D. ni ó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, kí ó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ó ní ìdí tí àpótí rẹ̀ fi ní okùn ìgbérù lọ́tùn-ún lósì. Ohun tí àlejò lè gbé ni ó ní. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Ghana fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbé ìlú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, ọ̀pọ̀ àwọn ará wa ni wọ́n fi ilé àti ìsọ̀ sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Ilé kò ṣeé gbé lórí, ṣùgbọ́n àpótí irinṣẹ́ ṣeé gbé.

TA NI Ó NI IRINṢẸ́ OLÓÒGBÉ?

Nínú àṣà wa, ọ̀nà méjì ni a fi ń pín ogún. Nípa ìdí-igi, iye ìyàwó tí ó bímọ fún olóògbé ni a ń wò. Nípa orí-ò-jorí, iye ọmọ ni. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tí Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù dá ní ọdún 1962, ni ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò máa ń tọ́ka sí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn Mùsùlùmí nínú wa a sì máa pín tiwọn bí ẹ̀sìn ti là á sílẹ̀. Gbogbo èyí dára fún ilé, ilẹ̀ àti owó. Ṣùgbọ́n a kò lè la ìfági sí mẹ́rin. Bí a bá pín irinṣẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n lò, a ti sọ ọ́ di irin lásán.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́gbọ́n lára àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà. Ní Òsì-Ìlọrin, gbajúmọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà kan wà tí ń jẹ́ Areogun, tí ó kú ní ọdún 1954. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni ẹni tí ó ń fi irinṣẹ́ Ògún rí owó, tí ó sì ń ná an fàlàlà. Ọmọ rẹ̀ Bandele náà di gbẹ́nàgbẹ́nà ńlá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ni ó ti kọ́ iṣẹ́. Ọ̀dọ̀ Osamuko, ọmọṣẹ́ bàbá rẹ̀, ni ó ti kọ́ ọ. Nígbà tí ó yá, Bandele kọ́ Lamidi Fakeye ní Oyè-Èkìtì. Ìran gbẹ́nàgbẹ́nà ni Lamidi pẹ̀lú ti wá, ó sì gbajúmọ̀ káàkiri àgbáyé kí ó tó kú ní ọdún 2009. Ẹ kíyè sí i: ọmọ ni ó ni orúkọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọṣẹ́ ni iṣẹ́ gbà padà sọ́dọ̀ ọmọ. Irinṣẹ́ ní àrólé méjì: ọmọ tí a bí àti ọmọ tí a kọ́. Bí a bá gbàgbé ọ̀kan nínú wọn, ogún náà kò pé.

OHUN TÍ A ṢE

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ohun kan. Ní ọdún 1994, nígbà tí mo ń kọ́ ilé mi ní Mabera, mo mú ayùn bàbá mi, èyí tí ọ̀gá rẹ̀ fún un ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo fi yá àwọn tí ń bá mi ṣiṣẹ́. N kò tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fi gé pákó dẹ́kìn tí ó kún fún ìṣó. Nígbà tí mo dá a padà, eyín mọ́kànlá ti kán. Bàbá mi gbà á, ó fi àkísà nù ún, ó fi í kọ́ ara ògiri, kò sì sọ nǹkan kan. Kò fi gé igi mọ́ títí ó fi kú. Ìbá tilẹ̀ bú mi, ìbá sàn fún mi.

Àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọ̀rọ̀ jomi tooro ọ̀rọ̀. Àbúrò mi ti Èkó kò fẹ́ gbà lákọ̀ọ́kọ́. Ó ní ohun ẹbí kò gbọdọ̀ jáde lọ sí ilé ẹlòmíràn. Mo ka rísíìtì náà fún un lórí fóònù, mo sọ ti íǹṣì méjì irin ìfági fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣe é bí ó bá ti tọ́." A fi ìfági, ṣísù àti òòlù sí ṣọ́ọ̀bù ọmọṣẹ́ kẹrin, níbi tí ọmọ tirẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. A kọ ìwé, a fọwọ́ sí i: ti ẹbí wa ni, ọwọ́ rẹ̀ ni ó wà, kò gbọdọ̀ tà á, ọmọ wa tí ó bá sì fẹ́ kọ́ iṣẹ́ lè wá lò ó nígbàkigbà. Ọmọ ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 14, ni ó kọ́kọ́ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ìsinmi, ó gbé àpótí ìjókòó kékeré kan wálé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ni mo jókòó lé kọ èyí.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìparí àwọn ọdún 1970, àwọn kan dá ẹgbẹ́ Tools for Self Reliance sílẹ̀. Irinṣẹ́ tí ó ń dípẹtà nínú ilé àwọn ènìyàn ni wọ́n ń gbà, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì kó o ránṣẹ́ sí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní Ghana, Sierra Leone, Tanzania àti ibòmíràn ní Áfíríkà. Bí àwọn tí wọ́n rọ irin náà bá mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí à ń dà nù, kí ni ó dé tí àwa yóò fi tà á ní kílò?

ÌMỌ̀RÀN DÍẸ̀

1. Kí bàbá tàbí ìyá tí ó jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ tó lọ, ẹ jókòó tì í, ẹ jẹ́ kí ó sọ ìtàn irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

2. Bí ó bá ti lọ, ẹ wá ọmọṣẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó wá ẹni tí yóò rà á.

3. Ẹ má ṣe fi ẹ̀rọ lọ irin àtijọ́, ẹ má sì kùn ún lọ́dà. Orúkọ àti àmì yóò parẹ́. Kẹrosíìnì, àkísà àti sùúrù ni ẹ fi nu ìpẹtà kúrò; lẹ́yìn náà, ẹ fi òróró ẹ̀rọ pa á.

4. Ẹ gbé àpótí sórí bíríkì, kí ó jìnnà sí ògiri, nítorí ikán.

5. Ní ìgbà ọyẹ́, èèkù máa ń súnkì, orí òòlù sì lè fò yọ kí ó ṣe ènìyàn léṣe. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gbé e sókè. Bí a bá rẹ ẹ́ sínú omi, yóò le fún ọjọ́ díẹ̀ ni. Kí a fi igi há a dáadáa ni ó dára jù.

6. Bí ẹ bá fi irinṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ẹ kọ ìwé. Oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kó má ní ààlà.

ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

Wọ́n bi mí pé kí ni mo wá mú nínú ogún náà. Ayùn tí ó káyín ni mo mú. Ó wà lára ògiri yàrá mi, níbi tí mo ti lè máa rí i láràárọ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tirẹ̀, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Àwọn bàbá wa ti fi ọwọ́ ṣe tiwọn, ìlẹ̀kùn wọn ṣì wà lẹ́nu ilé ní ìlú yìí. Àwa tí wọ́n fi owó iṣẹ́ náà rán lọ sí ilé ìwé ni ó kù fún láti sọ ọ́, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá délé lónìí, ẹ lọ ṣí àpótí náà. Bí ẹni tí yóò kà á fún yín bá ṣì wà láàyè, ẹ pè é lọ́la, ẹ má dúró di ọdún tí ń bọ̀.

Ọlọ́run yóò tẹ́ gbogbo àwọn tí ó ti lọ sí afẹ́fẹ́ rere. Iṣẹ́ ọwọ́ wa kò ní parẹ́ o. Àṣẹ.